Ẹni Tó San Owó Ilé-Ìwé Mi

Bàálù kékeré ni, ìjókòó méjìlá.
Ó gbéra l'Ékòó, òkun ń dán lábẹ́ apá rẹ̀
bí páànù tuntun.
Kí n tó mu omi inú ike mi tán
ilẹ̀ ti pàwọ̀ dà:
ewé, ewé, ewé,
lẹ́yìn náà ojú ọgbẹ́ pupa níbi tí wọ́n ti gé gẹdú,
lẹ́yìn náà àwọn òkúta Ìdànrè, dúdú, orí wọn pá,
bí àwọn àgbà tó ń wẹ̀ lódò
tí wọn ò fẹ́ ká wo àwọn.

Ọjọ́ méjì, òru kan. Ohun tí mo sanwó fún nìyẹn.
Bàbá mi a máa lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú igbó yìí,
ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín,
gaàrí lápò, ìbọn léjìká,
a kì í sì í gbúròó rẹ̀
títí ajá yóò fi ṣíwájú rẹ̀ wọlé.

Ní pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́
Orímóloyè, ẹ̀ṣọ́ igbó, gbé páálí kan dání,
ó ṣi orúkọ mi kọ síbẹ̀.
"Ẹ káàbọ̀ o, mọ̀mí. Kí lẹ fẹ́ rí?
Ìjímèrè wà. Àtíòro wà. Bí orí bá bá yín ṣe é, ẹ ó rí ẹtu."
Mo ní erin.
Ó wo bàtà mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣílẹ̀kùn jíìpù.

Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un.
Ta ni yóò sọ fún ẹ̀ṣọ́ igbó
pé lọ́dún tí mo fẹ́ wọ Fọ́ọ̀mù Kìn-ín-ní
bàbá mi ti ìhín dé lóru, kò gba oúnjẹ,
ó ti ohun gígùn méjì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
àpò sìmẹ́ńtì ló fi wé wọn;
ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin kan wá láti Ọjà Ọba, ó ń ka owó,
ìka rẹ̀ ń lọ sẹ́nu, ó ń bọ̀.
Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo ní yúnífọ́ọ̀mù, sáńdà, bọ́kẹ́ẹ̀tì, mátírẹ́ẹ̀sì.
Ọdún mẹ́fà gbáko
ni mo fi sùn lórí eyín ẹlòmíràn.

Igbó Òfósù, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Eèrà jálọ ń kọjá, a dúró dè é.
Nígbà tó yá, Orímóloyè fi àdá nàka sílẹ̀:
ojú ẹsẹ̀ kan, ó fẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ,
omi kún inú rẹ̀,
ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.
"Ìjẹta ni. Abo. Ó ń dá rìn."
Mo kúnlẹ̀.
Ó rò pé fọ́tò ni mo fẹ́ yà.

Àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí, wọ́n á wí.
Èmi ò tilẹ̀ rí fìrí.
Lóru, nínú àgọ́, mo gbọ́ igi tó ṣẹ́,
gbàgà, lẹ́ẹ̀kan péré,
kòkòrò gbogbo dákẹ́.
Mo ti kó ọ̀rọ̀ kan jọ láti Àpápá,
mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀run.
Ó há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

Láàárọ̀, ó ń da tíì sí kọ́ọ̀pù:
"Ẹ má bínú, mọ̀mí. Owó kì í ra erin."
Mo ní, "Ó ti rà á rí."
Ó gbé kẹ́tùlù sílẹ̀.
"Ọmọ ta ni yín gan-an?"
Mo dárúkọ Ọdẹ́jìnmí.
Ó wo òkè igi títí,
bí ẹni tó ń wá ẹyẹ kan.
"Bàbá tèmi," ló wí,
"ló máa ń bá a gbé àtùpà."
A mu tíì náà. Ṣúgà ò sí níbẹ̀.

Nínú bàálù, ọmọbìnrin kan na bébà ìnuwọ́ sí mi:
ẹ jọ̀ọ́, amọ̀ wà lára bàtà yín.
Mo dúpẹ́, mo ká bébà sápò.
Amọ̀ náà ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń là,
títí òkun fi yọ.