Asọ̀rọ̀gbèsì

Idwal Prosser, ọmọ afọ́kùúta ilẹ̀ Wéésì,
ọmọ ẹni tí eruku òkúta sọ di oníkọ́,
ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́ tí o tú irin ibùsùn ìyá rẹ,
o so ó mọ́ òrùlé,
o fi ẹnu wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan òkúta dídán
tí kò tó èékánná.
O ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí. Ó ń ta bí epo gbígbóná.
Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan ń ka iye owó ẹja
ní ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ kò tẹ̀ rí.
Ìyá rẹ ní, "Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"
O ní, "Èmi kọ́ ló ń bá wí."

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwa ń pè é nílé wa,
àpótí tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í dúró gbọ́ èsì.
O kò gbọ́ èdè wa, Idwal,
ṣùgbọ́n o mọ ìtumọ̀ orúkọ yẹn jù wá lọ.

Lálẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi gbé Hefin àbúrò rẹ lọ,
ìwọ lo wà nídìí ẹ̀rọ ní èbúté,
tó ń tẹ bọ́tìnì idẹ.
Ọkọ̀ dáhùn ní agogo mẹ́wàá: kùrukùru pọ̀.
Ó dáhùn ní mọ́kànlá: a kò rí nǹkan kan.
Ní méjìlá, o tẹ̀ ẹ́ títí ìka rẹ fi wú.
Wọ́n ní àpáta ni.
Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló ti wà níbẹ̀,
kò kàn sí ẹni tó lè bi í nínú òkùnkùn pé níbo lo wà.

Ìbéèrè yẹn lo gbé lọ sí etíkun ìlà-oòrùn
nígbà tí ìjọba kó yín sínú ahéré onípáánù,
tí ẹ búra pé aya kò ní gbọ́.
Òpó gíga mẹ́rin nínú ìrì. Iná aláwọ̀ ewé
ń gbọ̀n lójú gíláàsì.
Ẹ ju ìgbì sókè, ẹ ń retí kó padà,
bí ìgbà tí o máa ń kígbe sínú kòtò òkúta bàbá rẹ
tí kòtò á pe orúkọ rẹ.
Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà, gbogbo wọn hó yèè;
ọ̀wọ́ pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ni.
O kọ ọ́ sínú ìwé: Pẹ́pẹ́yẹ. Máìlì mẹ́sàn-án. Wọ́n dáhùn.

Nígbà tí ogun dé, kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ mọ́.
O ka iye wọn, o pe iye wọn.
O kò bi ara rẹ pé àbúrò ta ni wọ́n.
Àbí o bi í?

Nesta rò pé fíríìjì lo ń tún ṣe fún àwọn sójà.
Ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún kó tó gbọ́,
ọ̀sẹ̀ tí o gun ọkọ̀ apẹja kan
lọ de rédà mọ́ ọn lórí, tí o kọ owó wọn.

Nísinsìnyí etí rẹ ti di.
Ó ń pè ọ́ láti ilé ìdáná.
Ó dákẹ́, ó tún pè.
Tíì ń tutù.