Ẹ̀yìnkùlé Abọ́sẹ̀dé

Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn kò tíì là tí a fi kúrò l'Óṣogbo,
èmi, Àńjọlá ọmọ mi, àti ìyá mi
tó to ike omi mẹ́ta sẹ́sẹ̀ bí ẹni ń lọ sí Sókótó.
"Ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo ni, Màmá."
"Ọjọ́ kan náà ni òùngbẹ fi í pa èèyàn."

A gba Ẹdẹ, a gba Àkòdà,
ní Gbọ̀ngán a ra ẹ̀pà sísè.
Àńjọlá ń ka ìwé tí tíṣà fún wọn:
ibi mẹ́rin ni kí wọ́n rí n'Ífẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè.
Ifẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí,
èmi ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìlélógójì,
n kò dé ọ̀kankan rí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ìgbéyàwó ló ń gbé mi wá, tàbí òkú àgbà;
a ó jẹun tán, a ó wá mọ́tò kílẹ̀ tó ṣú.

Nídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn
ọmọ mi ń ka ìṣó ara òkúta lọ sókè,
ó ka mẹ́rìnlélógún, ó ṣìkà, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Alángbá kan gba ojú ìṣó gòkè bí àkàbà,
òun nìkan ló kà á tán.
Ìyá mi jókòó, ó bọ́ bàtà.
"Ó kéré sí bí mo ṣe fi í sílẹ̀."
"Òkúta kì í súnkì, Màmá."
"Mo mọ̀. Ọmọ tó ń wò ó nígbà yẹn ló dàgbà."

Ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé l'Ẹ́nuwá
Ọ̀gbẹ́ni Arówólò ló mú wa yíká,
ohùn rẹ̀ ti mọ̀nà fúnra rẹ̀
bí ewúrẹ́ tó ń dá wálé:
orí amọ̀ rèé, ẹ wo ilà ojú rẹ̀;
ìlẹ̀kẹ̀ rèé, ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì.
"Àpáàdì nìyí. Àwọn baba ńlá wa rì í mọ́lẹ̀ ní ìdúró,
ọ̀kan ti èkejì, wọ́n fi tẹ́ àgbàlá."
Ìyá mi sún mọ́ ọn títí èémí rẹ̀ fi bo gíláàsì.
"Ẹ̀yìnkùlé wa nìyí."
"Ẹ ní kí ni, Màmá?"
"Ẹ̀yìnkùlé wa n'Ílódè. Ibẹ̀ la ti ń fọ abọ́.
Òjò á rọ̀, gbogbo àdúgbò á di ẹrẹ̀,
tiwa nìkan ni kì í yọ̀.
Èyí tó bá ṣí kúrò ńbẹ̀, a fi ń ta sùwé.
Mo ní ọ̀kan, ojú rẹ̀ rí bíi kùkù àgbàdo,
kì í tàsé. N kì í yá ẹnikẹ́ni."

Ọ̀gbẹ́ni Arówólò rọ ọ̀pá ìnàka rẹ̀ sílẹ̀.
Ohùn mìíràn ló fi béèrè:
"Ṣé ó ṣì wà ńbẹ̀?"
"Wọ́n da kọnkéré lé e. Ọdún tí bàbá wa kú.
Àwọn àbúrò mi ní kí ilé náà jọ ilé èèyàn."

A kò dé ibi kẹrin tí tíṣà kọ.
Ìlódè la yà sí.
Ayálégbé kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe
nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó ní ẹ wọlé, ẹ máa rìn jẹ́jẹ́.
Lábẹ́ ẹ̀rọ omi, níbi tí kọnkéré ti là,
nǹkan kan wà tó dúdú, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.
Ìyá mi ní kí n lọ gbé ike omi wá.
Ó da ìkíní, ó fi àtàǹpàkò họ ọ́.
Ó da ìkejì.
Kùkù àgbàdo yọjú, ìlà lórí ìlà.
Àńjọlá nawọ́, ó fẹ́ yọ ọ́.
"Fi í sílẹ̀. Èyí kò tíì wọ gíláàsì,
ó ṣì ń ṣiṣẹ́."
Ó da ìkẹta lé e lórí, láìnídìí.

Nígbà tí a padà dé Gbọ̀ngán òùngbẹ ń gbẹ wá.
Ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí gbiri lẹ́sẹ̀ wa.
Kò sẹ́ni tó bá Màmá sọ ọ́.