Ọmọ Ọ̀bẹ Òkè-Baálẹ̀

Ògúnrìndé ló rọ ọ́ fún mi l'Ókè-Baálẹ̀,
láti ara sípíríǹgì Bẹ́dífọ́ọ̀dù kan
tó kó kòkó títí tó fi kú sójú ọ̀nà Gbọ̀ngán.
Kò gùn ju ìka àárín mi lọ.
Kì í ká sínú èèkù;
irin rẹ̀ la inú igi àpá kọjá, ó yọ nídìí.
Mopélọ́lá yí i wò, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ṣé èyí náà ni yóò gé kápẹ́ẹ̀tì?"

Ọwọ́ mi ti tẹ èèkù.
N ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ikú tó pa baba mi,
kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni mo dojú kọ,
ògbólógbòó tí omi òrùlé ti rin gbingbin, tó tún gbẹ,
tí ẹ̀yìn rẹ̀ yi bí awọ erin.
Ṣàrà. Ṣàrà.
Eruku ogún ọdún bò mí nímú,
mo sín títí mo fi jókòó.
Kápẹ́ẹ̀tì di mẹ́rin.

Mo bẹ́ kẹ́ẹ̀gì òróró lórí, ó di abọ́ omi adìẹ.
Mo la ṣúùbù kẹ̀kẹ́ Làmídì sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́,
òun la fi so ilẹ̀kùn ilé adìẹ náà
tí ìjì ọjọ́ Àìkú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ Ìkìrun.
Okùn ọ̀rá já bí òwú.
Pọ̀nmọ́ tó ń bá gbogbo ọ̀bẹ ilé ìdáná ja gídígbò
túúbá.

Àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó,
kò ní gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ti ọkọ́ ìyá mi ló gbẹ́.
Lẹ́yìn náà mo fi kan irun apá mi:
ó ṣì ń fá.

Ǹ bá dúró níbẹ̀.
Àmọ́ agolo ọ̀dà kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn,
ìdérí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pinpin.
Mo ti ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.
Ó dún pá.
Ṣóńṣó bá ọ̀dà aláwọ̀ ewé lọ.

Ògúnrìndé gbà á, ó wò ó, ó wo ojú mi.
Kò bínú. Ó ń fi òkúta lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.
"Ọ̀bẹ ni mo rọ," ló wí.
"Bó bá jẹ́ ọ̀pá lo fẹ́,
o ò bá ti sọ, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀."

Ó ti fi èékánná kan kúrú sí ti àárọ̀.
Lálẹ́, Mopélọ́lá nawọ́ láìwò mí:
"Gbé ọmọ ọ̀bẹ yẹn wá, kí n fi bó ọsàn."
Láti ìjẹ́ta nìyẹn.
Kò tíì dá a padà.