Àpò Ọ̀tún

Oṣù yìí, oòrùn kì í yọ ní Vardø.
Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, iná òpópónà ṣì ń tàn,
yìnyín ń bọ́ sórí àwọn ọkọ̀ apẹja,
èmi sì ń fi ṣọ́bìrì lànà sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn
nígbà tí Sindre dé, ọmọ Ragnfrid,
tó dúró bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

Ó ní orí ń fọ́ òun. Mo ní kó jókòó.
Ó ní ọ̀fun ń dun òun. Mo ní kó jókòó.
Ó wo ògiri, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń ṣomi sórí kápẹ́ẹ̀tì mi,
ó wá ní, "Torunn, n kò rántí."

Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n gba owó ẹja.
Wọ́n ti lo ọjọ́ mọ́kànlélógún lójú agbami,
ọwọ́ wọn ti le bí èèpo igi.
Ọtí líle ni wọ́n fi fọ iyọ̀ òkun lẹ́nu:
ìgò kìíní fún ẹja,
ìgò kejì fún ìjì tí kò gbé wọn lọ,
ìgò kẹta kò nídìí kankan.
Lẹ́yìn náà ẹnì kan láti inú ọkọ̀ mìíràn la àtẹ́lẹwọ́,
hóró oògùn funfun mẹ́ta, kò lórúkọ, kò lákọlé,
Sindre sì ju méjì sẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

"Ọmọbìnrin kan wà. Ìbọ̀wọ́ pupa ló wọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Yàrá kan wà, ó gbóná.
Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn ni."
Mo bi í: ta ló ní kí ẹ lọ síbẹ̀?
Kò mọ̀.
Ṣé ó gbà? Ṣé ìwọ gan-an gbà?
Ó dákẹ́. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn bí ológbò.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ojú mẹ́rin ló wà nínú yàrá yẹn,
ọ̀rọ̀ kò sí nínú ẹyọ kan.

Mo ní kó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, kí n lè gba ẹ̀jẹ̀.
Nǹkan kékeré kan jábọ́ láti àpò ọ̀tún:
rọ́bà ìdáàbòbò nínú ọ̀rá búlúù, ọ̀rá náà kò ya.
Àwa méjèèjì wò ó.
Ragnfrid ló fi síbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọkọ̀.
Ojú ti ìyá, ojú ti ọmọ, wọn ò sọ ọ́ lẹ́nu.
Ó bá a dé òkun, ó bá a dé ilé ọtí,
ó bá a dé yàrá tó gbóná yẹn,
ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ọtí ń darí kì í mọ̀nà àpò.

Mo ka wákàtí lórí ìka.
Kò tíì pé méjìléláàádọ́rin.
Oògùn kan wà tí kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo fún un ní hóró àkọ́kọ́.
Èyí, ó ka àkọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e mì.

N kò wàásù fún un.
Ọdún tí mo pé mọ́kàndínlógún, ní Tromsø,
mo jí nínú ilé kan tí n kò rántí bí mo ṣe wọ̀ ọ́,
mo wọ aṣọ lódì délé,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wo kàlẹ́ńdà ilé ìdáná
tí n kò rí ẹni tí mo lè sọ fún.

Nígbà tó ń lọ, ó bi mí bí òun ṣe máa rí ọmọbìnrin náà,
nítorí ó yẹ kí òun náà mọ̀.
Kí ni kí n sọ? Òtútù ti wọ ìbọ̀wọ́ fún gbogbo ìlú.
Ó jáde. Mo kọjú sí fèrèsé.
Pupa kan ń bọ̀. Ọmọ iléèwé ni.
Pupa kan tún dé, ó dúró díẹ̀ níwájú àmì wa,
ó kọjá.
Mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láì tì í, tòun ti òtútù.