Òkè Ògìdì Nínú Kọ̀ǹpútà

Mo yọ ẹ́ńjìnì Pijó bàbá mi,
nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni o.
Ti gidi ṣì wà lẹ́yìnkùlé níbí, ní Ògìdì,
adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Mo fi mọ́tò oníná sí i,
mo to bátìrì síbi tí táǹkì wà,
mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ti ọgọ́rùn-ún iṣu,
ti èrò mẹ́fà, ti ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti iwájú.
Mo ní: ó yá, gbéra ní Kàbbà.

Ó ń sáré kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò wúkọ́,
àfi ìgbà tó dé ẹsẹ̀ òkè.
Ìlà pupa já wálẹ̀:
bátìrì ti tán, a ò tíì délé.
Mo tún un ṣe. Ó tún kú síbẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún. Aago méjì òru.

Ni mo bá rántí Jẹ́mirìn, bàbá mi,
bó ṣe máa ń dúró nísàlẹ̀ òkè yẹn gan-an,
tí á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́sẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀."
Wọn á bú u, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì rìn.

Mo yọ èrò mẹ́rin nínú ìṣirò.
Ọkọ̀ gun òkè.
Iná tó kù kò ju omi ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ.

Ìyá mi jí, ó wo ìlà náà pẹ́.
"Ṣé á ṣì máa hó bó bá ń bọ̀?
Ariwo rẹ̀ ni mo fi ń mọ ìgbà tí mo máa gbé ọbẹ̀ kaná."

N kò rí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí.