Pápá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọdún tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀,
a ò tíì ní géètì, yàrá ìkàwé wa ò tíì ní síìlì,
ṣùgbọ́n a ní òkè. Ta ní í bá Ẹfọ̀n du òkè?
Katakátà gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́ta,
epo tán, awakọ̀ bá tirẹ̀ lọ,
ohun tó ṣẹ́ kù la pè ní pápá:
orí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ọ̀gá àgbà,
ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú oko kòkó Èyé Àrinọlá.
Gbá bọ́ọ̀lù sókè, á padà wá kí ọ.
Gbá a sísàlẹ̀, ó dìgbóṣe.

Èyé kì í bínú. Á fi apẹ̀rẹ̀ dé bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀,
á ní, "Ẹ wá fọ́ kòkó díẹ̀ kí ẹ tó gbà á."
Bẹ́ẹ̀ la ṣe múra sáà náà sílẹ̀:
ìdajì lórí pápá, ìdajì nídìí kòkó,
ọwọ́ wa ń yọ̀, èèrà ń jẹ wá lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Fátúnlá, olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa erùpẹ̀,
ni wọ́n fi ṣe kóòṣì, torí òun nìkan ló ní fèrè.
Jẹ́sì mẹ́tàlá dé láti Adó, aláwọ̀ ọsàn:
nọ́ńbà mẹ́sàn-án jẹ́ méjì, nọ́ńbà kìn-ín-ní kò sí.
Àrójojóyè tó ń ṣọ́lé ní kí a fi pílásítà lẹ ọ̀kan mọ́ òun lẹ́yìn;
kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, òógùn á ti bọ́ ọ.

Èmi? Èmi ni mo ń jókòó.
Mo mọ bẹ́ǹṣì yẹn dé ibi tí ìṣó ti yọrí.
Wọ́n fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù,
wọ́n ní kí n máa kọ góòlù.
Ìkẹ́rẹ́, méje sí òdo.
Ìjerò, márùn-ún sí òdo.
Ní Ìyìn, méjì péré sí òdo,
a kọrin nínú mọ́tò títí délé bí ẹni gba ife.
Pápá wọn ló tẹ́jú jù, bí àtẹ́lẹwọ́;
ẹsẹ̀ tó ti bá òkè mulẹ̀ ń wá òkè kiri.
Kọ́mọláfẹ́ ń sáré, ó ń dagun sápá kan
bí ẹni ru omi tí òṣùká ò jókòó.

Ìdíje tó kẹ́yìn, Ọ̀mùò ló wá bá wa nílé.
Ọyẹ́ ti dé. Kùrukùru sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
ó jókòó sáàárín pápá bí àlejò tí a ò pè.
Wọ́n ti jẹ wá mẹ́ta kó tó di ìsinmi.
Nígbà tó kù díẹ̀, tí àwa ń gbá lọ sísàlẹ̀,
Kọ́mọláfẹ́ kàn fẹ́ lé bọ́ọ̀lù jìnnà sílé wa ni.
Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù balẹ̀, ó ta pọ́n-ún, ó rántí ọ̀nà oko,
ó ń yí, ó ń yí, ó wọnú kùrukùru lọ.
A ò rí i mọ́. Aṣọ́lé Ọ̀mùò náà ò rí i.
Rẹfirí dúró, fèrè lẹ́nu, kò mọ èyí tí yóò fọn.
Ó wọlé ni, àbí ó jáde? Àwọ̀n kúkú kò sí.

Ni Èyé Àrinọlá bá yọ láti inú funfun yẹn,
bọ́ọ̀lù lábẹ́ abíyá,
ó ní, "Àárín igi méjèèjì ló gbà. Mo wà níbẹ̀."
Rẹfirí wò ó, ó wo ewú orí rẹ̀,
ó wò wá.
Ó fọn ọ́n.

Mẹ́ta sí ọ̀kan. Ọwọ́ mi ti mọ́ òdo lára,
òdo ni mo kọ́kọ́ kọ; mo wá fa igi sí i láàárín,
ó rí bí ojú ológbò.

Lọ́jọ́ kejì, a wà nídìí kòkó Èyé, ọkùnrin mẹ́tàlá,
agbọ̀n mẹ́rin, owó ẹ̀rí.
Àrójojóyè bi í pé, "Èyé, ṣé ẹ rí i lóòótọ́?"
Ó la kòkó kan, ó ju hóró sẹ́nu, ó ń pọ́n ọn lá.
"Rí kí ni? Ojú yìí tí ò dá ọmọ mi mọ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà?
Ẹ fọ́ èyí tó kù. Ilẹ̀ ń ṣú."