Yàrá Yìnyín

Ọjọ́ kẹta rèé tí Ragnhild ti Eline mọ́
yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ní Vardø.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Orí kẹsàn-án.
Kò mọ bí yóò ṣe yọ ọ́.

Tíì ti tutù. Oòrùn ò yọ láti oṣù tó kọjá.
Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó lọ bá Torleif ọlọ́dẹ:
"Tì mí mọ́bẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

Òkùnkùn. Eyín ń lu eyín.
Ó ń fọwọ́ wá ara ilẹ̀kùn,
ọwọ́ kan irin,
irin yí,
ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹnikẹ́ni lè jáde! Ìtàn bàjẹ́.

Ó délé, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìfọṣọ,
ó fi gbólóhùn kan ṣẹ́ irin náà.
Eline kígbe.
"Má bínú," ni Ragnhild wí,
ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.